Ìtọ́kọ̀ Kéré, Ẹ̀mí Púpọ̀ Ló Rọ̀ Mọ́ Ọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára ọkọ̀ tí ojú kì í rí nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú omi, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń ṣọ́ orí gbogbo ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ náà. Ohun náà ni ìtọ́kọ̀, pákó tàbí irin pẹlẹbẹ tí ó rọ̀ sí ìdí ọkọ̀, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lókè omi, tí èyí tí ó pọ̀ jù sì rì sísàlẹ̀. Kò tóbi rárá. Bí a bá fi í wé ọkọ̀ tí ó ń darí, bí ìrù ẹja ti rí lára ẹja ni ó rí. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ó bá já, agbára ìgbòkun kò já mọ́ nǹkan mọ́, ọgbọ́n atukọ̀ sì di ọgbọ́n ẹni tí a dè lọ́wọ́.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ònkàwé wa tí ẹ fi Uwani ní ìlú Enugu ṣe ibùgbé yóò béèrè pé, kí ni ó kan àwa nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́kọ̀? Òkè ni ó yí Enugu ká, kì í ṣe òkun. Láti Zik Avenue títí dé Ọjà Kenyatta, ọkọ̀ ilẹ̀ nìkan ni ojú ń rí. Kò sí ẹni tí ń ta ìgbòkun níbẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn mẹ́ta ni a sì ní fún un.

Èkínní, Enugu kì í ṣe àjèjì sí ọkọ̀ ojú omi bí a ti rò. Èédú tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Udi ní 1909, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915, ni ó mú kí ìjọba ìgbà náà la ọ̀nà reluwé lọ sí Port Harcourt. Ní 1916 ni èédú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba etí omi ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀ lọ sí Èkó àti ibòmíràn. Ìlú tí kò ní òkun ni ó ń bọ́ àwọn ọkọ̀ òkun nígbà náà.

Èkejì, àwọn ọmọ etí omi kò ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ará wa tí ń bẹ ní ìdálẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ Ìkòròdú àti ti Badagry pẹ̀lú. Ẹni tí ó wà ní Uwani tí ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé kí àbúrò rẹ̀ lè ra ọkọ̀, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ewu lè gbà wọ inú ọkọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta ni ó kan gbogbo wa. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò ti Enugu gba ilẹ̀ relé tí kì í kọjá omi ńlá. Kí afárá tó so Asaba pọ̀ mọ́ Onitsha lórí Odò Ọya ní 1965, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé àwọn ènìyàn àti ẹrù wọn sọdá. Nígbà tí ogun sì dé, tí wọ́n fọ́ afárá náà ní 1967, ojú omi náà ni a tún padà sí. Lónìí afárá ti di méjì, nítorí pé wọ́n ṣí èkejì fún ọkọ̀ ní 2023. Ṣùgbọ́n ohun tí ń darí ọkọ̀ ilẹ̀ tí ń gbé wa kọjá lórí wọn, ọmọ ìyá ìtọ́kọ̀ ni. Ohun tí a bá kọ́ lára ọ̀kan, ó tó lò lára èkejì.

IṢẸ́ TÍ ÌTỌ́KỌ̀ Ń ṢE

Bí ọkọ̀ bá ń lọ, omi a máa ṣàn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sẹ́yìn. Bí atukọ̀ bá wá yí ìtọ́kọ̀ sí apá kan, omi tí ń ṣàn náà yóò kọlu ojú rẹ̀, yóò sì ti ìdí ọkọ̀ sí apá kejì. Báyìí ni orí ọkọ̀ yóò ṣe kọjú sí ibi tí atukọ̀ ń fẹ́. Ìdí nìyí tí ìtọ́kọ̀ kò fi wúlò fún ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan. Ìdí náà sì nìyí tí ìyà tí ń jẹ ẹ́ fi ń pọ̀ sí i bí eré ọkọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí omi fi ń tì í yóò di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin.

Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn tí ń fi aṣọ àpò ṣe ìgbòkun lórí ọ̀sà Èkó, àti àwọn ará Ganvié lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀ wọn: ẹni tí ó jókòó ní ìdí ọkọ̀ a ti àjẹ̀ bọ omi, a sì máa fi darí ọkọ̀ bí ó ti wù ú. Ọkọ̀ tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ nídìí kò nílò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà ni a ń yí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ìgbòkun bá tóbi, apá ènìyàn kò ká àjẹ̀ mọ́. Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ fi ìtọ́kọ̀ kọ́ ìdí ọkọ̀ ní ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà fún wa: wọ́n rí ère ọkọ̀ kan tí a fi amọ̀ mọ ní agbègbè Guangzhou, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbàá ọdún dín díẹ̀, ìtọ́kọ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó di nǹkan bí 1180 kí wọ́n tó gbẹ́ àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sára òkúta ìrìbọmi tí ó wà nínú ilé ìjọsìn ńlá ti Winchester. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó lọ sí etí ọ̀sà ní Èkó, níbi tí ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ti ń ta ìgbòkun láti 1932.

Bí a ti ń so ó kọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Lára ọkọ̀ kékeré, ìtọ́kọ̀ a máa rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn ti ń rọ̀ mọ́ férémù. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa a máa pe irin tí ń wọ inú èkejì ní akọ, wọn a sì pe èyí tí a ń wọ̀ ní abo. Irin akọ, tí ó rí bí ìka tí a nà sísàlẹ̀, ni a kàn mọ́ ìtọ́kọ̀; irin abo, tí ó rí bí òrùka, ni a kàn mọ́ ìdí ọkọ̀. Méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Pín-ìnnì tàbí irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni ó sì máa ń dè é kí ìgbì má baà gbé e yọ. Lára ọkọ̀ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá irin kan ni ó ti inú ọkọ̀ gba ihò kọjá sísàlẹ̀, tí ó ń yí nínú búṣì, tí a sì fi pákó tàbí fáíbà bo apá rẹ̀ tí ó wà nínú omi.

OHUN TÍ OJÚ AYÉ TI RÍ

Bóòtù kékeré lè dá ọ̀ràn tí orílẹ̀-èdè kò ní gbàgbé. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta 1978, ọkọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Amoco Cadiz, tí ó kún fún epo rọ̀bì, ń kọjá lọ ní etíkun Brittany ní ilẹ̀ Faransé. Ìgbì òkun le ní ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀, àwọn bóòtù tí ó so páìpù ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ rẹ̀ pọ̀ já, epo tí ń fún ẹ̀rọ náà ní agbára sì tú dànù. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ ju mítà 330 lọ di kòròfo igbá lójú omi. Ọkọ̀ kan wá fi okùn fà á, okùn já. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó forí sọ àpáta. Orí kó àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n epo tí ó ju 220,000 tọ́ọ̀nù lọ tú sínú òkun, ó sì ba iṣẹ́ àwọn apẹja ibẹ̀ jẹ́. Ní 1984, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ náà lẹ́bi, nítorí pé wọn kò tọ́jú ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ náà bí ó ti yẹ.

Ní ọdún kejì rẹ̀, ní oṣù kẹjọ 1979, ọkọ̀ ìgbòkun 303 ni ó ta ìgbòkun nínú ìdíje Fastnet láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjì líle bá wọn lójú òkun. Atukọ̀ 15 ni ó kú nínú ìdíje náà. Lára àwọn ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé ìtọ́kọ̀ àwọn ọkọ̀ kan kán, pàápàá àwọn tí a fi irú fáíbà tuntun kan tí ó fúyẹ́ ṣe. Ohun tí ó fúyẹ́ lọ́wọ́ kò fi dandan lágbára nínú ìjì.

Láti 2020 wá sì ni ìròyìn mìíràn ti ń ti etíkun Portugal àti Spain wá. Ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní orca, tí ara rẹ̀ dúdú tí ó sì funfun, ti sọ ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun di ohun ìṣeré. Wọ́n ń fi orí kọlù ú, wọ́n sì ń fi ẹnu fà á títí yóò fi kán. Ọkọ̀ mélòó kan ti tipa bẹ́ẹ̀ rì. Kò sí ẹni tí yóò bá orca jà. Ṣùgbọ́n ti Amoco Cadiz jẹ́ àìbìkítà, àìbìkítà kò sì yẹ ẹni tí ó ní ojú àti sípánà.

BÍ A TI Ń YỌ Ọ́

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí ọdún kan kọjá kí wọ́n tó yọ ìtọ́kọ̀ wò. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti fa ọkọ̀ gòkè, kí á sì gbé e lé ibi tí kò ti lè mì. Kí á má ṣe tíì fi sípánà kan ohunkóhun. Kí á kọ́kọ́ di ìsàlẹ̀ ìtọ́kọ̀ mú, kí á mì í sí ọ̀tún àti sí òsì, kí á sì gbé e sókè sódò. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí ó sì ń dún kò-kò-kò, irin akọ tàbí irin abo ti jẹ, a sì ní láti mọ èyí kí a tó tú u, nítorí pé lẹ́yìn tí a bá tú u tán, kò sí ohun tí yóò sọ ibi tí ó ti ń gbọ̀n fún wa.

Lẹ́yìn èyí, kí á so ìtọ́kọ̀ náà mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú okùn, kí ó má baà já lé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Kí á yọ ọwọ́ rẹ̀ tí atukọ̀ ń dì mú, kí á yọ pín-ìnnì, kí ẹni méjì sì gbé e gòkè tààrà títí gbogbo irin akọ yóò fi yọ nínú irin abo. Bí ó bá kọ̀ tí kò yọ, kí á má ṣe fi òòlù lù ú bí ẹni ń lu irin lágbẹ̀dẹ. Ẹ fi epo sí i, ẹ sì fún un ní àkókò. Ti ọkọ̀ ńlá yàtọ̀: ìsàlẹ̀ ni ó ń gbà jáde. Nítorí náà, àfi kí á gbé ọkọ̀ náà ga, tàbí kí á gbẹ́ ihò sábẹ́ rẹ̀, kí ọ̀pá náà lè rí àyè sọ̀ kalẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ Ń WÁ

Irin ni kí á kọ́kọ́ wò. Bí irin akọ bá ti tínrín láàrin bí ọrùn adó, tàbí tí ojú irin abo kò rí roboto mọ́ tí ó ti di bí ẹyin, ìgbà rẹ̀ ti tán. Ẹ wo oríkèé ibi tí irin ti tẹ̀. Ibẹ̀ ni sísán máa ń gbà bẹ̀rẹ̀, ó sì lè tín-ín-rín bí irun orí.

Lẹ́yìn náà ni ti bóòtù, òun ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Irin dídán tí wọ́n ní kì í dógùn-ún a máa dógùn-ún ní ìkọ̀kọ̀. Awọ tín-ín-rín kan ni ó ń dáàbò bo irú irin bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni awọ náà sì fi ń wà láàyè. Níbi tí bóòtù bá gba inú pákó tí ó tutù kọjá, tí omi iyọ̀ rọ́ sí, tí afẹ́fẹ́ kò dé, awọ náà a kú, ìpáàrà a sì máa jẹ irin láàrin nígbà tí orí rẹ̀ àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì ń dán bíi dígí. Nítorí náà, kí á tú ọ̀kan ó kéré tán wò. Bí ìyẹn bá ti jẹ, kí á tú gbogbo rẹ̀.

Bí irin náà bá jẹ́ idẹ, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Idẹ tí a fi bàbà àti síńkì pò, omi iyọ̀ a máa fa síńkì inú rẹ̀ yọ, tí yóò fi kù kìkì bàbà pupa tí kò ní agbára mọ́. Idẹ tí ó bá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ má ṣe fi ẹ̀mí tẹ̀ ẹ́. Kí á sì rántí pé irin méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bí omi iyọ̀ bá wà láàrin wọn, ọ̀kan yóò máa tìtorí èkejì jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń so èépá síńkì mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀: òun ni wọ́n fi ṣe ẹbọ, kí omi lè máa jẹ ẹ́ dípò irin tí ó níye lórí.

Ó wá ku ojú ìtọ́kọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ pákó, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún un káàkiri. Ibi tí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́ ti jẹrà. Ẹ wá ihò wẹ́wẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀dá inú omi kan wà tí ń jẹ́ teredo, tí ó jọ ekòló, tí ó sì ń jẹ pákó láti inú wá. Bí ó bá jẹ́ fáíbà, ẹ fi ẹ̀yìn òòlù kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó bá dún gan-gan dára; ibi tí ohùn rẹ̀ bá rì, omi ti wọ ibẹ̀, tàbí fáíbà ti ṣí kúrò lára ohun tí ó bò. Ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú ṣinṣin kí ẹlòmíràn sì ti ojú rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí ojú bá yí tí ọ̀pá kò yí, àwọn irin tí wọ́n jó mọ́ ọ̀pá nínú lọ́hùn-ún ti já. Irú ìtọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n òkú ni.

DÍDÁ A PADÀ SÍPÒ

Nígbà tí a bá ń dá a padà, bóòtù àtijọ́ kò gbọdọ̀ padà sínú ihò àtijọ́ nítorí pé a fẹ́ fi owó díẹ̀ pamọ́. Kí á jẹ́ kí pákó gbẹ dáadáa, kí á fi gọ́ọ̀mù tí omi kò lè wọ̀ dí ojú ihò, kí á sì fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì kí ó má baà rì sínú pákó. Kí irin akọ àti irin abo wà lórí ìlà kan ṣoṣo, nítorí pé bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo ìnira yóò di ti ẹnì kan. Lẹ́yìn èyí ni kí á fi pín-ìnnì tuntun dè é, kí á yí i lọ́tùn-ún lósì kí á wò ó bóyá ó ń há. Kí á sì fi àjẹ̀ kan sínú ọkọ̀, nítorí ọjọ́ tí ìtọ́kọ̀ bá kọ̀ láti jẹ́ ìránṣẹ́.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ NÍ UWANI

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí Milken Hill sínú ìlú Enugu, tí ó ti rí bí ọ̀nà náà ti lọ́ bí ejò, tí ọ̀gbun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un ohun tí ìtọ́kọ̀ jẹ́. Ohun tí ń darí ọkọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe àgbá sítíárìn tí ọwọ́ dì mú. Táírọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìn tí ó wà nísàlẹ̀, nínú ẹrẹ̀ àti eruku, ni. Àwọn náà ní akọ, wọ́n ní abo, wọ́n ní nọ́ọ̀tì, pín-ìnnì kékeré kan ni ó sì ń de nọ́ọ̀tì náà kí ó má baà tú.

Nítorí náà, kí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì tó kó wa sọ́nà, kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ gbé e lọ bá àwọn mẹkáníìkì, ìbáà ṣe ní Coal Camp tàbí níbikíbi tí ó bá fọkàn tán. Kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Kí wọ́n di táyà mú lápá ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n mì í. Bí ó bá dún, ẹ fura sí táírọ́ọ̀dù. Kí wọ́n dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n tún mì í. Bí ó bá gbọ̀n, bọ́ọ̀lù jọ́ìn tàbí bíárìn ni kí ẹ wò. Kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi fi pín-ìnnì gidi sí i, kì í ṣe wáyà tí wọ́n ṣà nílẹ̀. Èrò ọkọ̀ kò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu. Bí ó bá rí i pé awakọ̀ ń yí sítíárìn púpọ̀ kí ọkọ̀ tó gbọ́, tàbí pé ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó pariwo kí wọ́n tó dé orí afárá. Ìtìjú kò tó ìyà.

Ẹ̀yin ará wa, owó bóòtù kan kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Owó ìsìnkú ni kò ṣeé kà. Ọkọ̀ tí ń lọ sí etíkun Ìlàjẹ àti èyí tí ń ti Enugu lọ sí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá olówó wọn sọ: ẹ tú mi wò nígbà tí mo dúró, kí n má baà tú fúnra mi nígbà tí mo bá ń lọ.